Ọ̀tá Igbó Kọ́ Ni Bàbá Rẹ̀

Mo ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ni a ó máa bá lọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn láti sáà ilé-ìwé tó kọjá. Èmi gan-an ni mo jẹ̀bi níbẹ̀, bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kálàmù mi fi ń lọ́ra láti kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka abala yìí láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkokomáíkò. Kíláàsì karùn-ún ni mò ń kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà kẹta, iṣẹ́ dé orí igbó àti àwọn ohun tó ń pa igbó run. Mo kọ ọ́ sójú pátákó gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé: dídá oko, iná igbó, ilé kíkọ́, gígé gẹdú. Nígbà tí mo dé orí gẹdú, ẹnu mi yọ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan kún un. Mo ní, "Àwọn onígẹdú àti àwọn tó ń ta pákó, àwọn ni ọ̀tá igbó."

Ọmọkùnrin kan nawọ́ láti ẹ̀yìn. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í sábà nawọ́. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ọ̀tá igbó ni bàbá mi?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ìsọ̀ pákó ni bàbá rẹ̀ ní lójú ọ̀nà Ìbà. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n dúró, kí n dá a lóhùn bí ènìyàn. Mo ní, "Jókòó ná, a ó dé ibẹ̀." A kò dé ibẹ̀. Agogo ìsinmi lù, kí wọ́n sì tó wọlé padà, orúkọ tuntun ti mọ́ ọmọ lórí. "Ọ̀tá Igbó, yá mi ní bíróò." "Ọ̀tá Igbó, bọ́ọ̀lù kàn ọ́." Ẹ̀yin náà mọ bí ọmọdé ṣe ń ṣe.

Ọjọ́ Tuesday, kò wá. Wednesday, kò wá. Lówùúrọ̀ Thursday, bàbá rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà mà."

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó."

Kò jókòó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí tábìlì mi bí ẹni ń pa ẹran ọ̀sìn lára. "Afàrà ni tábìlì yín yìí, mà. Àga tí àwọn ọmọ jókòó lé yẹn, mẹ̀láínà ni. Pátákó tí ẹ ń kọ nǹkan sí nìkan ni n kò lè sọ, nítorí ọ̀dà ti bò ó." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ọmọ yín ní òun kò wá mọ́. Ó ní kí n wá nǹkan mìíràn tà. Mo wá bi yín ni, mà: kí ni kí n máa tà?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé àṣìṣe tèmi ni, kì í ṣe ti ọmọ, kì í sì í ṣe ti ìwé. Ó ní òun kò bínú. "Ẹ kó wọn wá, mà. Kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Bí wọ́n bá rí i tán tí wọ́n sì tún pè mí bẹ́ẹ̀, n ó gbà."

Bí ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní ẹ̀skọ́ṣọ̀n. Kì í ṣe pé olùkọ́ gbọ́n. Wọ́n bá olùkọ́ wí ni.

Kí á tó jáde, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà pé kí ni igbó. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀kan ní ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí ni. Òmíràn ní ohun tí àwọn bọ́ọ̀dá ń mu lẹ́yìn ilé àwọn ni. Ẹ̀kẹta ní inú fíìmù ló wà. N kò lè dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀yìn ọjà Àlàbá ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, níbi tí páálí tẹlifíṣàn ti ga ju ilé lọ. Àwọn mìíràn ń gbé ní ẹ́sítéètì Ìbà, àwọn mìíràn nítòsí bárékè Ọ̀jọ́. Ilẹ̀ Àwórì ni gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ omi àti àbàtà, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lónìí kò rí ju ojú ọ̀nà márosẹ̀, kòròpe àti ògiri. Ìwé sọ fún un pé igbó ń parun. Báwo ni yóò ṣe dárò ohun tí kò rí rí?

Mo kọ lẹ́tà sí àwọn òbí. Ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí i. Ìyá kan wá bá mi tìbínú-tìbínú: "Àǹtí, mo ń sanwó kí ọmọ mi lè di dókítà, ẹ wá fẹ́ mú un lọ síbi pákó?" N kò bá a jiyàn. Mo ní, "Mà, a nílò àgbà sí i tí yóò bá wa tọ́jú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa lọ." Ó wo ojú mi, ó kọ hà, ó sì wá. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ la fi rìn lọ sí ìsọ̀ pákó náà, ní méjì-méjì, àgbà mẹ́rin láàrin ọmọ méjìdínlógójì. Bàbá ti to igi kéékèèké méje sórí tábìlì, kò kọ orúkọ sí ìkankan. Mo rò pé òun ni yóò sọ̀rọ̀. Ó kàn yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo ni kíláàsì. Kọ́ wọn."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ tí kì í nawọ́! Ó gbé èkíní sókè. "Afàrà nìyí. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti là, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Ìdígbó nìyí, ẹ wò ó bó ṣe pọ́n rúsúrúsú. Arère nìyí, òun ló fúyẹ́ jù. Àpá nìyí, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e o." Ó pín wọn fún àwọn ọmọ láti gbọ́ òórùn wọn, kí wọ́n sì fi èékánná ha wọ́n. Ó dé orí ọ̀mọ̀, ó ní òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù. Bàbá rẹ̀ wá bá a fi kún un pé àwọn àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà a máa fẹ́ràn ọ̀mọ̀ tó hù létí ọ̀nà fún iṣẹ́ gángan, nítorí wọ́n gbà pé igi tó ti ń gbọ́ ohùn ènìyàn láti kékeré ni yóò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ "Ọ̀tá Igbó" lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí gbà mí láyè láti sọ ohun kan tó máa ń dùn mọ́ mi nínú. Bí ẹ bá wọ ìsọ̀ oníṣòwò igi ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ sì ní iroko lẹ fẹ́, kò ní béèrè pé èdè wo nìyẹn. Iroko, idigbo, opepe, afara, abura: orúkọ Yorùbá tí àwọn baba wa sọ igi wọn ni àwọn òyìnbó oníṣòwò gbé lọ sínú ìwé ọjà wọn láti ayé ìjọba amúnisìn, títí di òní kò tíì kúrò níbẹ̀. Èmi olùkọ́ ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ Yorùbá nípa igi láti ọdún mẹ́jọ wá, igi ìgbẹ́ lásán ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́ lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò. Bàbá na téèpù fún ọmọbìnrin kan, ó ní kí ó wọn pákó tí gbogbo ayé ń pè ní tú-bàì-fọ́ọ̀. Ọmọ wọ̀n ọ́, ó tún un wọ̀n, ó wo ojú mi. Kò pé íńṣì méjì, kò sì pé mẹ́rin. "Ṣé ẹ̀ ń yan wá jẹ ni, sà?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ayùn ń jẹun, ọmọ mi. Ibi gbogbo tí ayùn bá gbà kọjá, ó ti jẹ díẹ̀ nínú igi. Ohun tó jẹ náà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ yẹn." Ó nawọ́ sí lẹ́búlẹ́bú pákó. Ní ọjọ́ kejì, a fi odidi wákàtí kan ṣe ìṣirò ohun tí ayùn ń jẹ bí a bá la ìtì igi kan sí pákó mẹ́wàá, a sì tún un ṣe fún ogún. Àwọn tí ìdá kò yé láti sáà kìíní, ó yé wọn lọ́jọ́ náà.

Kí á tó kúrò ní ìsọ̀, ọmọbìnrin yẹn tún béèrè pé kí ló dé tí kò sí ìrókò lórí tábìlì. Bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, ìrókò àti ọ̀gànwó ń wá láti Oǹdó àti Ògùn, ìtì tí ọkùnrin méjì kò lè fapá yí ká. Nísinsìnyí, bí ọkọ̀ bá dé, mẹ̀láínà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn igi tó kù sì tẹ́ẹ́rẹ́. "Ọmọdé ni igi tí à ń tà báyìí." Ọmọbìnrin náà ní, "Ta ló pa àwọn àgbà wọn?" Ó ní, "A jọ pa wọ́n ni. Àwọn kan gé e, èmi tà á, ìyá rẹ rà á, a fi kan òrùlé lé yín lórí." Kò sí ìwé tí mo lò ní kíláàsì tó sọ ọ́ báyẹn.

Ìyá tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ di dókítà ńkọ́? Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, a wá a tì. Ó wà ní ẹ̀yìn ìsọ̀, ó ń béèrè igi tí ikán kì í jẹ, nítorí àpótí oúnjẹ ilé rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a lọ sí sọ́ọ̀mìlì kékeré kan. Kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù bà mí. Ìdí ẹ̀rọ kì í ṣe ibi ìṣeré. A ti fi okùn pààlà, kò sí ọmọ tí yóò kọjá rẹ̀. Bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀ ni ọ̀ranyàn. A kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ibi tí wọ́n to ìtì sí, nítorí ìtì igi a máa yí láìrò tẹ́lẹ̀. Òwú la fi dí etí wọn. Wọ́n rí bí ìtì ṣe ń sún lọ sẹ́nu ayùn, bí èèpo rẹ̀ ṣe ń ṣí kúrò tí àwọ̀ pupa sì ń yọ. Wọ́n rí àmì òòlù ní ìdí igi, tí ó ń fi hàn pé igi náà gba ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ọba kọjá. Wọ́n rí ìtì kan tí kò ní àmì. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ìdí. Kò sẹ́ni tó dáhùn, mo sì kọ ìbéèrè náà sínú ìwé mi.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ló ń tì í bọ ẹnu ayùn. Nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ, ọmọ kan rí ọwọ́ rẹ̀. "Bọ́ọ̀dá, níbo ni ìka yín méjì yòókù wà?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ayùn ti jẹ ẹ́." Àwọn ọmọ tó ti fi ọjọ́ kan gbáko ṣe ìṣirò ohun tí ayùn ń jẹ kò rẹ́rìn-ín. A dákẹ́ títí a fi dé ilé-ìwé.

Ọkọ̀ ńlá tó gbé ìtì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì bi wọ́n pé kí ni orúkọ rẹ̀. "Àgbégilódò!" Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, nítorí gbogbo ọmọ Èkó mọ ọkọ̀ tí a ń sá fún. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi tú orúkọ náà palẹ̀: à-gbé-igi-ní-odò. Kí ni igi ń wá lódò? Ibẹ̀ ni mo ti sọ ìtàn Òkòbàbá fún wọn. Ẹni tó bá ti gba orí afárá Third Mainland láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i ní 1990 yóò rántí bí ìtì igi ṣe ń léfòó lórí ọ̀sà ní ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀bùté Mẹ́ta, tí èéfín lẹ́búlẹ́bú pákó sì ń rú lé e lórí. Àwọn ènìyàn a máa so ìtì pọ̀ bí ẹní, wọn a sì máa wà á lórí omi láti ìhà Ẹ̀pẹ́ àti láti ẹ̀bá omi Ògùn àti Oǹdó, ọjọ́ púpọ̀ lórí omi. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Agbówà, ní ìhà Ẹ̀pẹ́, láti kó àwọn onísọ́ọ̀mìlì náà lọ. Èmi gbà pé èéfín náà kò dára fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ọmọ tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ìlú Èkó kò ní rí ibòmíràn tó fara hàn báyẹn.

Ìrìn kẹta ló náni lówó jù. Lekki Conservation Centre ni, èyí tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990, Olóyè S. L. Edu ló dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1980. Láti Òkokomáíkò, a kúrò nílé ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, nítorí ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì tí wọ́n ti ń tún ṣe láti 2009, ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ẹ máa bá lójú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wa, Mile 2 ló ń dúró sí láti 2023. Àwọn ọmọ sùn, wọ́n jí, wọ́n jẹun, wọ́n tún sùn.

Hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ náà, àárín ilé olówó iyebíye ló wà. Wọ́n gun afárá onírin orí igi tó gùn tó mítà 401. Àwọn tó ń pariwo lórí ilẹ̀ kò pariwo mọ́ nígbà tí wọ́n dókè. Ọ̀bọ wò wọ́n, àwọn náà wo ọ̀bọ. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò ní gbàgbé ni ìbéèrè ọmọ onípákó. Ó bi ẹni tó ń mú wa kiri pé, "Bọ́ọ̀dá, èwo nínú igi wọ̀nyí lẹ máa gé?" Ó ní wọn kò ní gé ìkankan. "Tó bá wá gbó ńkọ́?" Ó ní yóò ṣubú fúnra rẹ̀, yóò jẹrà, àwọn kòkòrò àti olú yóò jẹ ẹ́, igi mìíràn yóò hù lórí rẹ̀. Ọmọ náà ronú títí. Nígbà tí a wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ní, "Àǹtí, igbó oríṣi méjì ló wà nígbà náà. Èyí tí wọ́n ń gé àti èyí tí wọn kì í gé."

Mẹ́ta ni, mo sọ fún un, wọ́n sì lè wà lórí ilẹ̀ kan náà. Mo ya igbó Ọ̀mọ̀ sójú pátákó fún wọn lọ́jọ́ kejì, nítorí ó jìnnà ju ohun tí apò wa ká. Igbó ọba ni, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó lé ní hẹ́kítà 130,000. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn igbó tó ń ṣọ́ káàkiri ayé láti 1977. Apá kan wà tí àwọn onígẹdú ń gba ìwé àṣẹ láti gé. Apá kẹta jẹ́ oko mẹ̀láínà tí ìjọba gbìn. Erin ṣì wà nínú igbó yẹn, erin tòótọ́, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú. Ẹnu ya àwọn ọmọ mi ju bí ẹni gbọ́ ti òkèèrè lọ.

Kí ni wọ́n gbin mẹ̀láínà fún? Mo ní kí wọ́n gbé ìwé àjákọ wọn sókè. Wọ́n fẹ́ fi igi náà ṣe bébà ní ilé-iṣẹ́ bébà ìjọba àpapọ̀ ní Ìwópín, létí ọ̀sà, kò jìnnà sí igbó náà. Ìyẹn ni pé igi, omi àti ilé-iṣẹ́ ti wà nítòsí ara wọn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe rò ó, igi tí wọ́n gbìn fún bébà dàgbà kọjá bébà, ó di pákó, ó sì dé ojú ọ̀nà Ìbà, ó di àga tí wọ́n jókòó lé. Nígbà tí mo sọ èyí, ọmọ mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí wo ìdí àga wọn.

Ní orílẹ̀-èdè Sweden, láti 1973 ni ilé-ìwé àti àwọn oníṣẹ́ igi ti jọ ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ igbó, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Skogen i Skolan. Olùkọ́ níbẹ̀ kò nílò kí bàbá kan wá bá a wí kó tó mú ọmọ jáde. Àwa náà kò nílò igbó Sweden kí á tó bẹ̀rẹ̀. Ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀, igi wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì lè dé Àgbádárìgì, ibi tí igi Agia wà tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, igi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842. Ó wó ní 1959, wọ́n sì kọ́ nǹkan ìrántí síbẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín pé, igi mélòó ni ènìyàn ń kọ́ ohun ìrántí fún?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi ilé-ìwé wa kí n tó dákẹ́. Igi furúùtù kan wà láàrin ọgbà, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ọmọ ti ń jẹun. Ọ̀gá wa fẹ́ kọ́ kíláàsì méjì sí i, igi náà sì wà lójú ìpìlẹ̀. Òótọ́ ni pé kíláàsì kò tó. Ọmọ mẹ́ta ń jókòó lórí àga ẹni méjì. Mo ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní èrò kọ lẹ́tà sí ọ̀gá. Ọmọbìnrin oníbèéèrè wa kọ ọ́ pé ẹni tó bá gé igi náà, ọ̀tá igbó ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi tún padà wá bá mi. Ojú tì mí, mo sì ní kí ó lọ tún un kọ.

Lẹ́tà ọmọ onípákó kò ju ojú ìwé kan lọ. Ó ní òun ti wo igi náà dáadáa. Ó ní ìbátan afàrà àti ìdígbó ni, òótọ́ sì ni, ẹbí kan náà ni wọ́n; ṣùgbọ́n èyí ti wọ́, ó sì ti yapa sí méjì níbi tí kò ga ju Àǹtí lọ. Kò lè mú wan-bàì-tuẹ́lìfù kan ṣoṣo tó gùn jáde. Bí wọ́n bá gé e, igi ìdáná ni yóò dà, ẹni tó gé e yóò sì gba owó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ya ilé tuntun náà, ó sún un sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ilé tí wọn kò tíì kọ́ ṣeé sún, igi kò ṣeé sún.

Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe bíríkìlà, ó ní kí ó mú téèpù rẹ̀ wá. Bí mo ṣe ń kọ èyí nínú ọlidé, yanrìn ti wà nílẹ̀, igi náà ṣì dúró, wọn kò sì tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀. N kò mọ ibi tí wọn yóò gbẹ́ ẹ sí.

Kí a tó pa dé, ní ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ 14 oṣù Keje bọ́ sí, ọjọ́ igi gbígbìn ní ìpínlẹ̀ Èkó, bàbá onípákó fi ọmọ ìdígbó méjì ránṣẹ́ nínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ó ní ọ̀kan jẹ́ ti ilé-ìwé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Èkejì, òun ń bọ̀ wá gé e tó bá tó ogójì ọdún. A gbìn wọ́n lẹ́yìn ilé-ìdáná. Nígbà tí a padà wọlé, ọmọ rẹ̀ lọ sí ojú pátákó, ó fi ogójì kún ọjọ́ orí bàbá rẹ̀. Ó wo ohun tó rí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò, ó sì fi ogójì kún ọjọ́ orí tirẹ̀.